Èbù tó ń jẹrà nínú àká: inú oko ni ká ti yan irúgbìn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ìdajì èbù iṣu yín, èyí tí ẹ fẹ́ gbìn, máa ń jẹrà kí òjò tó dé, ẹ sì ń bèèrè irú àká tó yẹ kí ẹ kọ́. Ẹ jẹ́ ká fi àká sílẹ̀ ná. Bí a bá wa iṣu tán, àwọn ńlá la ń tà, wẹ́wẹ́ tó kù la fi ń ṣe èbù. Bẹ́ẹ̀ àrùn mòsáíìkì, tó ń lọ́ ewé tó sì ń fi àbàwọ́n sí i, àti aràn abẹ́ ilẹ̀ ló sọ ọ̀pọ̀ wọn di wẹ́wẹ́. Àrùn la tún ń gbìn yẹn.

Nígbà tí iṣu bá pé oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin nílẹ̀, tí ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ rin oko já. Èyí tí ewé rẹ̀ kò lọ́, tí kò ní àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láàárín iṣan, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Òun nìkan ni kí ẹ wà sọ́tọ̀ fún irúgbìn. Bí ewé bá gbẹ tán, ẹ kò ní mọ olókùnrùn yàtọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wà á, ẹ fi ọ̀bẹ ha èèpo díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá pọ́n bí ọsàn tàbí tó dúdú, tó sì gbẹ, aràn ti wọ̀ ọ́. Ẹ sè é jẹ kíákíá. Ẹ má kó o mọ́ àwọn tó kù, torí inú àká gan-an ni aràn yìí ti ń bí sí i, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ sì ni ìjẹrà ń gbà wọlé.

Ní ti gígé, ìwọ̀n ẹyin adìẹ kan, bíi gíráàmù 50, ló tẹ́ mi lọ́rùn. Gíráàmù 25 ń mú èbù pọ̀, àmọ́ ọ̀dá kékeré ló ń pa á. Iṣu kò ní ojú bíi ti ọ̀dùnkún òyìnbó. Ara èèpo ló ti ń hù, nítorí náà kò gbọdọ̀ sí ègé tí kò ní èèpo. Ẹ ya orí, àárín àti ìdí sọ́tọ̀, torí orí ló ń tètè hù. Ẹ pa eérú sí ojú tí ẹ gé, kí ẹ sá a sí ibòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ má sá a sóòrùn rárá!

Ilẹ̀ tí iṣu, ilá tàbí tòmátò wà lésìí kò dára fún un, torí aràn ṣì wà níbẹ̀. Mítà kan láàárín poro, sẹ̀ǹtímítà 25 láàárín èbù: 40,000 ni hẹ́kítà kan máa gbà.

Ó wá ku àká. Ibòji, atẹ́gùn, pẹpẹ tí kò kanlẹ̀, kí ẹ má tò wọ́n lé ara wọn. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ ṣa èyí tó ń rọ̀ kúrò, kí ẹ sì nu kòkòrò funfun tó dà bí òwú dànù. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì bí wọ́n ṣe ń ṣe irúgbìn ọ̀dùnkún òyìnbó: òtútù tó bá ti kéré sí dígírì 12 ń ba inú iṣu jẹ́. Iṣu jíjẹ la ń já èéhù rẹ̀ léraléra; ti irúgbìn, ẹ fi í sílẹ̀, torí gbogbo èéhù tí ẹ bá já, agbára èbù ló bá a lọ.