Ṣé àdán fọ́jú ni, tó fi jẹ́ pé etí ló fi ń rìn lóru?

Rárá, àdán kò fọ́jú. Gbogbo wọn ló ń ríran. Àwọn tó ń jẹ kòkòrò ló máa ń fi etí ṣọdẹ: wọ́n á máa ké léraléra bí wọ́n ṣe ń fò, igbe náà á lọ kọ lu ohun tó wà níwájú, á sì ta padà sí wọn létí. Igbe ọ̀hún sábà máa ń ju 20,000 Hz lọ (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ó kọjá ohun tí etí èèyàn lè gbọ́, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gbọ́. Bí kòkòrò bá ti sún mọ́ tòsí, wọ́n lè ké tó ìgbà 160 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àwọn àdán ńlá tó ń jẹ èso yàtọ̀. Ojú àti imú ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń wá oúnjẹ.