Kí ló dé tí àwọn àgbà fi ní a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án?

Ìbéèrè kan dé ọ̀dọ̀ mi láti ọwọ́ ìyá ọmọ kan ní àdúgbò Òkè-Fìà níbí ní Òṣogbo, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ọmọ ọdún 7 ní kí n pàlọ́ fún òun lọ́sàn-án Sátidé, bí mo ṣe ní kí n bẹ̀rẹ̀ ni ìyá ọkọ mi pariwo látinú yàrá pé a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní bí àwọn ṣe bá a nìyẹn. Ṣé èèwọ̀ ni lóòótọ́ ni àbí torí kí àwọn ọmọdé má bàa yọ àgbà lẹ́nu ni? Tó bá sì jẹ́ alẹ́ nìkan ni, báwo ni kí n ṣe é, èmi tí mò ń ti ṣọ́ọ̀bù dé ní aago 8?"

Ẹ kú ìbéèrè o. Màmá ò purọ́ fún yín rárá. Kárí ilẹ̀ Yorùbá, alẹ́ ni wọ́n ń pàlọ́, tí òṣùpá bá wà á tún wá dùn sí i, ọmọ tó bá sì ń dà wọ́n láàmú pé kí wọ́n pa á lọ́sàn-án, wọ́n á fi nǹkan dẹ́rù bà á kó lè gbé ẹnu dákẹ́. Àmọ́ kì í ṣe irú èèwọ̀ tí òrìṣà kan máa torí ẹ̀ bínú, irú èyí tí àgbà fi ń tọ́jú ilé ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọ́n tún ní a kì í gbálẹ̀ lálẹ́, pé ẹni tó bá gbálẹ̀ lálẹ́ ń gbá ire ilé ẹ̀ dànù. Ẹ wò ó dáadáa, ilé tó jẹ́ fìtílà ni wọ́n ń tàn níbẹ̀, tí yẹtí bá já bọ́ sílẹ̀ tàbí owó kan jábọ́ lápò, ìgbálẹ̀ á gbá a mọ́ ìdọ̀tí, ó di ààtàn, tí ilẹ̀ bá mọ́ wọ́n á máa wá a kiri. Àlàyé yẹn ti gùn jù fún ọmọ ọdún 5, ọ̀rọ̀ ẹ̀rù kúkúrú ló ń yára wọ̀ ọ́ létí. Ti àlọ́ náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ nǹkan tó wà lábẹ́ ẹ̀ pọ̀ ju ti ìgbálẹ̀ lọ, ìyẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ sọ ni iṣẹ́, òótọ́ sì ni. Ọ̀sán ni wọ́n ń lọ sóko, ọ̀sán ni wọ́n ń nájà, ní Òṣogbo tiwa yìí tó jẹ́ ìlú aró, ọ̀sán ni iṣẹ́ aláró máa ń le jù. Ìyá ìyá mi wà nínú wọn. Aró ò gba ìwàǹwara, kò sì gba ìmẹ́lẹ́, ẹ ó ri aṣọ bọ inú ìkòkò, ẹ ó fà á yọ, á kọ́kọ́ jáde bí àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á wá fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù lójú yín báyìí, ẹ ó tún rì í bọ̀ ọ́, ẹ ó tún fà á yọ, ẹ ó máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí tó máa fi dú bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Ẹni tó wà nídìí ìyẹn ò ráyè orin Ìjàpá. Tó bá wá di alẹ́, ọwọ́ màmá á ti dúdú dé ọrùn ọwọ́, ọṣẹ ò rí i ṣe, ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n á fi máa pàtẹ́wọ́ sí orin àlọ́ fún wa.

Àlọ́ náà sì ń jẹ àkókò, pàápàá èyí tó bá ní orin nínú. Tí orin bá ti wọ àwọn ọmọ lára, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ iṣẹ́ mọ́, ẹni tí wọ́n ní kó lọ pọnmi á jókòó, ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná á gbàgbé ẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá ń pàlọ́ ní aago 2 ọ̀sán, ojú ọ̀lẹ ni ará ilé máa fi wò ó.

Ṣùgbọ́n tèmi ni pé iṣẹ́ nìkan ò tó láti ṣàlàyé ẹ̀. Ṣebí àwọn arúgbó wà nílé lọ́sàn-án pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọn ò lọ ibì kankan, wọ́n ráyè, wọ́n sì mọ àlọ́ ju gbogbo wa lọ, síbẹ̀ wọ́n á ṣì ní ó di alẹ́. Kí ni wọ́n ń dúró dè? Àwọn tó kù ni. Lọ́sàn-án, agbo ilé ti túká, bàbá wà lóko, ìyá wà lọ́jà, ẹ̀gbọ́n wà níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́, ilé ò ní ju èèyàn díẹ̀ lọ. Alẹ́ nìkan ni gbogbo wọn máa ń pé sójú kan, ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá, àwọn tó wá kí ìdílé, àní ayálégbé náà á gbé àpótí ẹ̀ jáde. Àlọ́ sì nílò wọn, ẹnì kan ò lè dá a ṣe. Ẹ rántí èyí tí Ìjàpá ti lọ gba àsèjẹ lọ́wọ́ babaláwo torí Yánníbo ìyàwó ẹ̀ tó ń wojú ọmọ, babaláwo kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò, òórùn ọbẹ̀ wá ń ta sánsán sí i nímú lójú ọ̀nà, ó jẹ ẹ́, ikùn ẹ̀ wú, ló bá ń sáré pa dà lọ bẹ babaláwo pẹ̀lú orin lẹ́nu. Ẹ yọ ègbè kúrò nínú orin yẹn, kí ló kù? Ọ̀pọ̀ nínú wa ò rántí ìlà orin yẹn mọ́ pátá, àmọ́ ẹ pe "alugbinrin" láàárín àwọn àgbàlagbà ní Òṣogbo, ẹ máa rí ẹnu tó máa gbè é. Ègbè la rántí torí ègbè la kọ.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ tí mi ò tíì rí kí ọ̀pọ̀ èèyàn mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ òun ló wù mí jù. Tó bá fi máa di alẹ́, ìyá ti mọ ohun tí olúkúlùkù ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ó ti mọ ẹni tó bu ẹran jẹ nínú ìkòkò, ó ti mọ ẹni tó na àbúrò ẹ̀ tó tún ní òun ò ṣe nǹkan kan, ó ti mọ ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó lọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò ní pe ẹnikẹ́ni, kò ní bínú, á kàn yan àlọ́ tó bá ọ̀rọ̀ mu. Ìgbà tí Ìjàpá bá ti ń la ọbẹ̀ nínú àlọ́, gbogbo ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, ẹnì kan á máa wolẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá bi wá pé kí ni àlọ́ yìí kọ́ wa, ẹni yẹn gan-an ni wọ́n máa ní kó dáhùn. Ìbáwí tí kò dójú ti ọmọ lójú ẹgbẹ́ ẹ̀ nìyẹn, tí kò sì jẹ́ kó sùn pẹ̀lú ẹkún. Ẹ ò lè ṣe ìyẹn lọ́sàn-án nígbà tí ìwà ọjọ́ náà ò tíì parí.

Òkùnkùn gan-an tún ń bá àlọ́ ṣiṣẹ́. Lọ́sàn-án, bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ewúrẹ́ ń kọjá, ọlọ́kadà ń fun fèrè, ojú ọmọ á máa bá wọn lọ. Lálẹ́, ojú ò rí nǹkan wò, ọkàn á wá máa ya àwòrán fúnra ẹ̀. Twins Seven-Seven, ayàwòrán tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àwòrán ní Mbari Mbayo, ilé ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán àti òṣèré níbí, ní 1964, ẹ wo iṣẹ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí i, iwin àti ẹ̀dá abàmì ló kún inú ẹ̀, irú èyí tí ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́ nínú òkùnkùn máa ń rí.

Àlọ́ àpamọ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣíde, kó tó kan ti onítàn, nítorí oúnjẹ ò tíì délẹ̀ nígbà yẹn, ebi sì ń pa ọmọ, ọmọ tí ebi ń pa lálẹ́ kì í pẹ́ sùn lọ. Wọ́n á ní "Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Àwa á máa sọ pé ẹja ni, òmíràn á ní ọkọ̀ ojú omi ni, bẹ́ẹ̀ ìyá wa wà nídìí ààrò nísẹ̀ wa níbẹ̀, ó ń ro àmàlà, ọmọ orógùn wà lọ́wọ́ ẹ̀, òun gan-an sì ni ìdáhùn. Ẹ̀rín tó máa ń sọ nígbà tí ẹnì kan bá yíjú wẹ̀yìn tó rí i! Wọ́n á tún ní gbogbo ilé sùn, káńbó ò sùn, ìyẹn imú. Wọ́n á ní awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́, ìyẹn ahọ́n. Oúnjẹ á délẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tòògbé.

Ará Òṣogbo ló yẹ kí ọ̀rọ̀ alẹ́ yìí yé jù. Lásìkò ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún láàfin Àtáọ́ja, á sì máa jó títí ilẹ̀ á fi mọ́, àwọn èèyàn á máa jó yí i ká. Iná ọlọ́wọ̀ ni ìyẹn, mi ò fi wé iná ìdí ààrò, àmọ́ ẹni tó bá ti dúró níbẹ̀ rí mọ̀ bí inú èèyàn ṣe máa ń rí tí gbogbo ìlú bá yí iná kan ká lóru.

Ẹ wá ní aago 8 lẹ ń dé láti ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ̀ ọ́n, bí gbogbo wa ṣe wà nìyẹn. Àwa tá a ń tajà ní Ìgbọ̀nà tàbí Ọjà Ọba, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, gbogbo wa la ń wọlé pẹ̀lú ọrùn tó ń dunni, a ó jẹun, kálukú á mú fóònù ẹ̀, a ó jókòó sínú pálọ̀ kan náà láìbá ara wa sọ nǹkan kan. Ẹ kíyè sí alẹ́ tí iná bá lọ tí bátìrì fóònù náà tún kú, bí wákàtí kan sí i gbogbo ilé á ti jáde sí faràndà, àwọn ọmọ á máa rojọ́ ilé ìwé tí wọn ò sọ láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa gbàdúrà kí iná lọ o. Mo kàn ní ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú wọn, àyè ni wọn ò rí sọ ọ́. Owó tí ẹ ń wá ní ṣọ́ọ̀bù, torí ọmọ yẹn náà lẹ ṣe ń wá a, kò sì burú, àmọ́ ọmọ náà ò lè mọ iye tẹ́ ẹ pa lónìí. Ẹ bi èèyàn tó bá ti lé ní 60 ọdún nílùú yìí pé kí ló rántí nípa ilé bàbá ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó fọwọ́ júwe ibi tí ẹni tó ń pàlọ́ máa ń jókòó sí fún yín.

Nítorí náà èrò tèmi rèé. Ẹ má bá màmá jiyàn. Tí ọmọ bá tún béèrè lọ́sàn-án, ẹ ní kó lọ sọ fún ìyá àgbà pé kí wọ́n pa á fún òun lálẹ́, torí ẹni tó mọ̀ pé a kì í pa á lọ́sàn-án, àlọ́ máa wà nínú ẹ̀. Kò pọn dandan kó jẹ́ ojoojúmọ́, Fúráìdé àti Sátidé tí kò sí ilé ìwé lọ́la ẹ̀ náà dáa. Ìṣẹ́jú 20 tó, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ kó fóònù sórí fìríìjì, tiyín náà o. Tó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ alẹ́ lẹ ń ṣe, bíi àwọn nọ́ọ̀sì, tó jẹ́ ọ̀sán nìkan lẹ ń rí ọmọ, ẹ pa á lọ́sàn-án, kò sí nǹkan tó máa ṣe yín, ṣebí àwọn tíṣà ń pa á ní kíláàsì ní aago 10 àárọ̀. Ìgbà tí ilé bá pé ni alẹ́ tiyín.

Tí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ bá ti sá mọ́ yín lórí, bó ṣe ń lọ nìyí: ẹ ó ní "Àlọ́ o!", wọ́n á ní "Àlọ̀!", ẹ ó ní "Ní ọjọ́ kan", wọ́n á ní "Ọjọ́ kan kì í tán láyé", ẹ ó ní "Ní ìgbà kan", wọ́n á ní "Ìgbà kan ń lọ, ìgbà kan ń bọ̀, ọjọ́ ń gorí ọjọ́", ẹ ó wá ní "Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo". Ẹ kọ́kọ́ kọ́ wọn ní ìdáhùn yẹn, kí wọ́n ké e dáadáa, kẹ́ ẹ tó wọ inú ìtàn. Ẹ ní kí màmá dá orin, kí ẹ̀yin àti ọmọ gbè é, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kàn jókòó máa wò yín bí ẹni ń wo fíìmù. Tẹ́ ẹ bá rí i pé orin tí wọ́n mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ mọ̀ nílé tiyín, ẹ má sọ pé wọ́n ṣì í kọ, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Èkìtì yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó kọ́ wọn àti agbo ilé tí wọ́n ti gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì gbà á sílẹ̀ lórí fóònù nígbà tí ohùn wọn ṣì dá ṣáká.