Wọ́n wọ́ mọ́tò mi lọ lọ́jọ́ tí yìnyín kò bọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Oṣù Kẹsàn-án ni èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa dé Chicago láti Ìbàdàn. Lálẹ́ ọjọ́ kejì Oṣù Kejìlá, mo páàkì mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá tó wà níwájú ilé wa, níbi tí mo ti ń gbé e sí láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Nígbà tí màá fi jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, mi ò bá mọ́tò. Mo ti ń pariwo olè kí aládùúgbò kan tó sọ fún mi pé ìjọba ìlú ló wọ́ ọ lọ nítorí yìnyín. Yìnyín wo? Ilẹ̀ gbẹ! Owó tó lé ní 200 dọ́là ni mo san kí n tó rí i gbà. Ní báyìí, lanlọ́ọ̀dù ní èmi ni kí n máa kó yìnyín iwájú ilé, bẹ́ẹ̀ ilé fúnra rẹ̀ tutù débi pé ọmọ ń wọ ẹ̀wù òtútù sùn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni òfin wí? Kí sì ni ìjọba ìlú ń ṣe fún wa gan-an lásìkò òtútù yìí? Bàbá Àyọ̀.

Ìdáhùn: Bàbá Àyọ̀, ẹ kú òtútù, ẹ sì kú ìnáwó. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá àwọn onílé mójú tó ilé wọn nílùú yìí, kò sì sí Oṣù Kejìlá tí irú ìpè yìí kì í wọlé sí mi, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó korò: lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò, ìlú ló jàre. Lórí ọ̀rọ̀ ilé tó tutù, ẹ̀yin lẹ lè jàre, kò sì yẹ kí ẹ fi falẹ̀. Ti ṣọ́bìrì tí a fi ń kó yìnyín wà láàárín méjèèjì.

Ohun tó ń da àwọn ènìyàn rú ni pé òfin páàkì méjì ló wà fún ìgbà òtútù, wọ́n sì jọra lójú ẹni tí kò bá fara balẹ̀ ka pátákó. Èkíní kò wo ojú ọ̀run rárá, kàlẹ́ńdà ló ń wò. Láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹrin, mọ́tò kankan kò gbọdọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn títì ńlá kan láti aago 3 òru sí aago 7 àárọ̀. Tí a bá so àwọn títì náà pọ̀, wọ́n tó nǹkan bíi máìlì 107. Yìnyín bọ́ o, kò bọ́ o, àwọn tó ń wọ́ mọ́tò á jáde. Owó wíwọ́ ọkọ̀ nìkan, ó kéré tán, 150 dọ́là ni. Tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ 60 dọ́là. Bí ọkọ̀ bá sì pẹ́ lọ́dọ̀ wọn, 25 dọ́là á máa gorí rẹ̀ lójoojúmọ́. Iye tí ẹ san bá a mu. Wọn ò rẹ́ yín jẹ.

Òfin kejì ló ń wo ojú ọ̀run. Ó kan nǹkan bíi máìlì 500 títì ńlá mìíràn. Bí yìnyín ilẹ̀ bá ti tó íǹṣì 2, mọ́tò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀sán, ì báà jẹ́ òru. Wọ́n lè já tíkẹ́ẹ̀tì fún yín, wọ́n sì lè gbé mọ́tò lọ síbòmíràn kí ọkọ̀ tó ń kó yìnyín lè ráyè. Òfin kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ nípa rẹ̀, òun náà ló wà lọ́kàn yín tí ẹ fi ń béèrè pé yìnyín wo.

Kí ló dé tí ìlú fi le tó bẹ́ẹ̀ lórí títì tó gbẹ? Ẹ bi àwọn àgbà Chicago nípa ọjọ́ 26 àti 27 Oṣù Kìíní ọdún 1967. Yìnyín tó ga tó íǹṣì 23 ló dà sórí ìlú yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bọ́ọ̀sì àti mọ́tò há sójú títì, àwọn tó wà nínú wọn sọ̀kalẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn ló wá dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó fẹ́ wá kó yìnyín. Nígbà tó di Oṣù Kìíní ọdún 1979, òmíràn tún dé, ó bá èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Títì ò ṣeé gbà, ọkọ̀ ojú irin ń ṣe ségesège, inú aráàlú ru. Ní ìparí Oṣù Kejì ọdún náà gan-an, nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat, Michael Bilandic tó jẹ́ olórí ìlú fìdí rẹmi lọ́wọ́ Jane Byrne, ẹni tó wá di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe olórí ìlú Chicago. Àwọn òpìtàn lè ka ìdí mẹ́wàá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó dìbò nígbà yẹn: yìnyín ló gbàjọba lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Láti ọjọ́ náà, ẹni yòówù tó bá jókòó sórí àga yẹn kì í dúró kí yìnyín tó bọ́ kó tó múra. Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ń bá jà, àga ni wọ́n ń ṣọ́.

Ẹnikẹ́ni tí mọ́tò rẹ̀ bá pòórá láàárọ̀ báyìí, kó má tíì kígbe olè. Kó pe 311, ìyẹn nọ́ńbà fóònù tí a fi ń bá ìjọba ìlú sọ̀rọ̀, tàbí kó tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ sí ojú òpó ìlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sọ ibi tó wà fún un. Bó bá jẹ́ ti òfin òru yìí, 701 N. Sacramento ni wọ́n sábà máa ń kó wọn lọ, tàbí 10300 S. Doty. Kó mú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àti ìwé ọkọ̀ dání. A lè jiyàn tíkẹ́ẹ̀tì bí pátákó bá ti wó tàbí tí kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ ya fọ́tò ibẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì wo ara tíkẹ́ẹ̀tì fún iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín. Ṣùgbọ́n "mi ò mọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni" kò lè gba ẹnikẹ́ni níwájú adájọ́. Mo mọ ẹnì kan tó dán an wò. Èmi ni.

Àárín àdúgbò, ní àwọn títì kéékèèké tí kò sí pátákó òfin méjèèjì, ni kí ẹ máa gbé mọ́tò sí lálẹ́. Àbùkù ibẹ̀ ni pé àwọn títì yẹn ló ń gbẹ̀yìn nígbà tí ìlú bá ń da iyọ̀ tó ń yọ́ yìnyín, tó sì ń kó o. Àwọn títì ńlá àti Lake Shore Drive ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹ lè fi ṣọ́bìrì gbẹ́ mọ́tò jáde fún wákàtí kan, kí ẹ dé láti ibi iṣẹ́ kí ẹ bá mọ́tò ẹlòmíràn nínú ihò tí ẹ gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi máa rí àga ike, búrọ́ọ̀mù tàbí pákó tí wọ́n fi ṣọ́ àyè sójú títì. "Dibs" ni wọ́n ń pè é níbí. Kò sí nínú òfin, ìjọba ìlú sì máa ń kó àwọn ẹrù náà dànù tó bá yá. Síbẹ̀ náà, èmi ò jẹ́ gbé àga olówó àga kúrò. Taya mi ṣì wù mí.

Ó kan ṣọ́bìrì. Ẹ rántí Sátidé ìmọ́tótó tiwa nílé, tí kálukú ń kó gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ kí wolé-wolé tó dé? Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí rí, àfi pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ìlú ló ń kó yìnyín ojú títì. Ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹni tó ni ilé tàbí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kó tibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ayé ló ń rìn níbẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ máa là gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, kí ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ aláìlera tàbí ìyá tó ń ti ọmọ lè kọjá. Yìnyín tó bá bọ́ láàárín aago 7 àárọ̀ sí aago 7 alẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò kó tó di aago 10 alẹ́. Èyí tó bá bọ́ lóru gbọ́dọ̀ kúrò kó tó di aago 10 àárọ̀, Ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú. Owó ìtanràn bẹ̀rẹ̀ láti 50 dọ́là, ó sì lè dé 500 lójúmọ́. Ẹ má sì kó o dà sójú títì, tàbí sí ọ̀nà àwọn oníkẹ̀kẹ́, tàbí kí ẹ fi bo ẹ̀rọ omi àwọn panápaná mọ́lẹ̀.

Ta ni kó ṣe é, ẹ̀yin tàbí lanlọ́ọ̀dù? Òfin dárúkọ onílé, ó sì dárúkọ ayálégbé, nítorí náà ìwé àdéhùn ilé yín ni kí ẹ mú jáde. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i níbẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ó máa kó o, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí ìdílé mìíràn sì ń gbé inú ilé náà pẹ̀lú yín, mi ò rí ìdí tí ẹ̀yin nìkan fi máa di ẹrú yìnyín. Ẹ kọ̀wé sí i, kí ẹ béèrè iye tó fẹ́ yọ kúrò nínú owó ilé. Èmi fúnra mi ti bá àwọn onílé ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, onílé tó lóye kì í kọ̀ ọ́, torí ẹni tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ láti òde á gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbẹ̀rù kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará wa: pé bí èèyàn bá kó yìnyín, tí ẹlòmíràn wá yọ̀ ṣubú níbẹ̀, wọ́n á pe èèyàn lẹ́jọ́, ó sàn kéèyàn fi í sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ Illinois dáàbò bo ẹni tó bá kó yìnyín iwájú ilé gbígbé, àyàfi tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi. Ẹ kó o kí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí tó bá ti dì bíi gíláàsì, iyọ̀ nìkan ló kù. Ẹ má da omi gbígbóná sí i. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò tún dì, yóò sì yọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí Màmá bá wá bá yín tọ́jú ọmọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ṣọ́bìrì. Iṣẹ́ yẹn lè dá ọkàn àgbàlagbà dúró. Àgbàlagbà tàbí aláìlera tí kò ní olùrànlọ́wọ́ lè pe 311 kí wọ́n bá a wá àwọn olùyọ̀ǹda tó ń bá ènìyàn kó o.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ Àyọ̀, torí ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń wọ ẹ̀wù òtútù sùn ló ká mi lára jù. Láti ọjọ́ 15 Oṣù Kẹsàn-án títí di ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹfà, òfin ìlú yìí sọ bí ilé àyágbé ṣe gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́ tó. Láti aago 8:30 àárọ̀ sí 10:30 alẹ́, kò gbọdọ̀ dín sí dígírì 68 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn 20 lórí ìwọ̀n Celsius tí a mọ̀ nílé. Lóru, kò gbọdọ̀ dín sí 66, ìyẹn nǹkan bíi 19. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń san owó gáàsì tí ẹ sì ń tan ẹ̀rọ fúnra yín, lanlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ rí i pé ẹ̀rọ náà lágbára láti mú ilé dé ibẹ̀.

"Ilé tutù" kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ ra ohun tí a fi ń wọn òtútù, kì í wọ́n, ẹ gbé e sáàárín yàrá, kí ẹ máa kọ aago àti iye tó wí sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí lanlọ́ọ̀dù lórí fóònù. Ẹ má kàn pè é lásán, ẹ kọ ọ́. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ pe 311, kí ẹ sọ pé ilé yín kò ní ooru tó. Wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà, ẹ tọ́jú rẹ̀, wolé-wolé ìlú á sì wá yẹ ilé wò. Bí wọ́n bá bá ẹ̀bi níbẹ̀, ojoojúmọ́ ni ìtanràn á máa gorí ara wọn lọ́rùn onílé. Mo ti wà ní ìhà ọ̀dọ̀ onílé nígbà tí lẹ́tà wọn dé, ó máa ń mú kí ènìyàn rí oníṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí kò sí oníṣẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kan sí i, ẹ má kàn dá owó ilé dúró nítorí ìbínú. Òfin ìlú fún àwọn ayálégbé kan láyè láti yọ owó tàbí láti kúrò, ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń kọ̀wé ṣáájú, kò sì kan ilé tí onílé ń gbé inú rẹ̀ tí kò ju ojúlé mẹ́fà lọ. Ẹ rí lọ́yà kí ẹ tó dán an wò. Ti ìwọ̀n ooru ní tirẹ̀ kan gbogbo ilé àyágbé.

Àwọn kan ò jẹ́ pe 311 nítorí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Òfin tí Chicago ṣe ní 2012 kò gba òṣìṣẹ́ ìlú láyè láti máa bi ènìyàn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí ìgbà tí òfin mìíràn bá sọ ọ́ di dandan. Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ọ́fíìsì káńsẹ́lọ̀ yín. Wọ́ọ̀dù 50 ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní aṣojú rẹ̀. Títì tí wọ́n gbàgbé láti da iyọ̀ sí, níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ẹni gbọ́ ọ. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún NotifyChicago pẹ̀lú, wọ́n á máa fi ìkìlọ̀ yìnyín ránṣẹ́ sórí fóònù yín.

Títí wọn ó fi tún ẹ̀rọ ṣe, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn ààrò gáàsì láti fi yáná, ẹ má sì tan èédú nínú ilé. Àwa tó mọ ohun tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣe fún ìdílé tó gbé e sínú kọ́rídọ̀ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún ṣàlàyé rẹ̀ fún. Afẹ́fẹ́ olóró kan náà ni, carbon monoxide ni wọ́n ń pè é, kò sì ní òórùn. Òfin Illinois ní kí agogo tó ń kìlọ̀ rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 15 sí yàrá tí ènìyàn ń sùn. Ẹ wò ó bóyá ó wà nílé yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó dún.

Bí ọ̀sán bá tutù jù, tí òtútù ìta sì ti dé dígírì 32 sísàlẹ̀ lórí ìwọ̀n Fahrenheit, ìlú ń ṣí àwọn ibi ìyáná fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó wà ní 10 S. Kedzie kì í tì, ọ̀sán àti òru. Ilé ìkàwé àdúgbò náà dára fún ọmọdé, ìwé wà níbẹ̀, ooru wà. Ṣùgbọ́n lálẹ́ òní, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ fi ń wọn òtútù lẹ́yìn aago 10:30. Bó bá wà nísàlẹ̀ 66, ẹ má dúró dàárọ̀ kí ẹ tó pe 311. Wọ́n ń gbé fóònù lóru.