Iyọ̀ ni kálàmù yẹn ń kà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹja ni mò ń tà ní Àgbádárìgì. Ọkùnrin kan ti kálàmù oníbátìrì bọ omi òkun lójú wa, òǹkà ara rẹ̀ fò sókè, ó ní mẹ́kúrì, irin olóró yẹn, ló kún inú òkun yẹn. Ó ní ká ra ìyẹ̀fun tá a ó fi máa fọ ẹja kó lè jáde. Ṣé ká rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á o, ìyá. Ẹni tó bá ti ra tirẹ̀, kó lọ gba owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kálàmù yìí ti sú mi.

Iyọ̀ ló ń kà. Lítà omi òkun kan ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú, iná mànàmáná sì máa ń gba inú omi oníyọ̀ kọjá dáadáa. Ohun tí kálàmù ń wò kò ju ìyẹn lọ. Ẹ po iyọ̀ ìsebẹ̀ mọ́ omi kànga yín, kẹ́ ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ ó rí i pé á fò bákan náà. Mẹ́kúrì inú agbami kì í sábà tó nanogram kan nínú lítà. Ẹ pín gíráàmù kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni nanogram. Níbo ni kálàmù ti fẹ́ rí ìyẹn láàárín iyọ̀ gíráàmù 35?

Àwa tá a ń wọn mẹ́kúrì inú omi, ẹ̀rù ara wa gan-an ló ń bà wá, torí ìdọ̀tí ara wa lè kó sínú omi tá a bù. Ẹni méjì ní í lọ bu omi náà. Ọ̀kan kò ní fọwọ́ kan nǹkan mìíràn ju ìgò Teflon, ìyẹn irú ike kan, tá a ti inú ọ̀rá méjì yọ. Èkejì ló ń di okùn mú. Ẹni tí wọ́n fi fàdákà dí ihò eyín rẹ̀ kò gbọdọ̀ mí sórí ìgò, torí mẹ́kúrì wà nínú ohun tí wọ́n fi dí i. Tá a bá délé, a ó da kẹ́míkà tó ń jẹ́ bromine monochloride sí i kí mẹ́kúrì lè já kúrò lára ohun tó so mọ́, kẹ́míkà kejì, stannous chloride, á sọ ọ́ di oru, a ó fẹ́ ẹ gba orí góòlù, góòlù á gbá a mú. Ìgbà tá a bá yan góòlù náà ló tó tú u sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. A tún máa ń wọn omi tí kò ní nǹkan kan nínú, ká lè mọ èyí tó jẹ́ ìdọ̀tí ọwọ́ wa. Èsì tí kò bá ní irú omi òfìfo bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó gbé e wá.

Mẹ́kúrì tó bá sì ti wọ ẹran ara ẹja, fífọ̀ ò lè yọ ọ́, sísè ò lè yọ ọ́. Tó bá jẹ́ ẹja ló ń kọ yín lóminú, ẹja ni kẹ́ ẹ gbé lọ fún àyẹ̀wò, ẹ fi omi sílẹ̀. Ẹja ńlá tó ń pa ẹja jẹ, bí àkúrákudà àti kúta, ló sábà máa ń ní i jù. Ṣáwá kì í ní tó bẹ́ẹ̀, òun ni kí aboyún máa jẹ. Ẹja tiyín kò dé ọwọ́ mi ṣá, ẹ má sọ pé mo ní ó mọ́ tàbí kò mọ́.

Ìyẹ̀fun tẹ́nikẹ́ni ò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ọ̀rá, ẹ má jẹ́ kó kan ẹja tẹ́ ẹ máa tà.