Ṣé ẹni tó bá tẹ òjìji ọmọbìnrin ti di ọkọ rẹ̀ ni?

Ìbéèrè: Nínú fíìmù ánímè Urusei Yatsura: Only You (1983), wọ́n ní torí pé Ataru, ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé, tẹ òjìji ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Elle mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n jọ ń ṣeré lọ́mọdé, dandan ni kó fẹ́ ẹ. Ṣé àṣà àwọn ará Japan nìyẹn?

Rárá o. Àṣà ìràwọ̀ tí Elle ti wá ni, inú fíìmù nìkan ni ìràwọ̀ náà sì wà. Ohun tí ọmọ Japan mọ̀ ni kagefumi, eré tí ẹnì kan ti ń lé àwọn yòókù kó lè fẹsẹ̀ tẹ òjìji wọn. Ẹni tí wọ́n bá tẹ òjìji rẹ̀ ni yóò máa lé àwọn yòókù. Kò sí alárinà níbẹ̀, ká má tíì sọ ìdána. Tó bá jẹ́ ti àgbà ni, ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan ní Japan sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ jìnnà díẹ̀ sẹ́yìn olùkọ́ rẹ̀, kó má baà tẹ òjìji rẹ̀. Ọ̀wọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìfẹ́.

Ṣùgbọ́n àṣà gidi kan wà lábẹ́ ẹ̀fẹ̀ náà. Ẹni tó ń lé àwọn yòókù nínú irú eré báyìí, oni ni wọ́n ń pè é (kì í ṣe “òní” tiwa o). Oni ni ẹ̀dá abàmì oníwo inú ìtàn àtijọ́ wọn. Àwọn kan ń túmọ̀ rẹ̀ sí èṣù, èmi ò fara mọ́ ọn. Iwin ló sún mọ́ ọn jù. Nígbà Setsubun, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún, wọ́n máa ń ju ẹ̀wà sóyà yíyan láti fi lé e, wọn a máa ké pé “Oni wa soto, fuku wa uchi”: kí oni bọ́ síta, kí oríire wọlé. Ẹranko ni wọ́n fi ń pe igun ayé láyé àtijọ́, àárín àríwá àti ìlà-oòrùn sì jẹ́ ti màlúù àti ẹkùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ẹnubodè oni. Ìdí rèé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀, tí oni fi ní ìwo màlúù tó sì ń ró awọ ẹkùn. Ẹ wá wo Lum, ọmọbìnrin tó gbajúmọ̀ jù nínú Urusei Yatsura: ìwo kékeré méjì, awọ ẹkùn abilà. Ọmọ oni gan-an ni, àfi pé inú ọkọ̀ òfuurufú ló ti sọ̀ kalẹ̀.

Nínú ìtàn aláwòrán tí Rumiko Takahashi bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1978, tí fíìmù náà ti wá, àwọn oni wá gba ayé, wọ́n ní kí Ataru lé Lum fún ọjọ́ mẹ́wàá. Tó bá di ìwo rẹ̀ mú, ayé bọ́. Ẹ rí i pé eré náà ti dorí kodò: èèyàn ló ń lé oni. Shinobu, ọ̀rẹ́bìnrin Ataru, ti ṣèlérí pé òun á fẹ́ ẹ tó bá borí. Ọmọkùnrin náà di ìwo mú, ó pariwo pé ó tán, òun ti lè gbéyàwó báyìí. Lum rò pé òun ni Ataru fẹ́ fi ṣaya, ló bá ka ara rẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ìwé ìpè ìgbéyàwó Ataru àti Elle dé ọwọ́ àwọn èèyàn nínú Only You, tí Lum gbaná jẹ, ẹ̀rín pa wá, torí ẹjọ́ tirẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju ti Elle lọ. Eré ọmọdé ló sọ àwọn méjèèjì di ìyàwó. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ló ń gbé Beautiful Dreamer (1984) ga ju fíìmù yìí lọ, bẹ́ẹ̀ Mamoru Oshii kan náà ló darí méjèèjì. Wọn kò jẹ̀bi, ìyẹn jinlẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, Only You ni kó kọ́kọ́ wò.

Ẹ tún kíyè sí orúkọ ìlú wọn, Tomobiki. Nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́, tomobiki ni ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ ará Japan kì í fẹ́ sìnkú, kí òkú má baà fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Wàhálà Ataru náà kì í dá Ataru nìkan mú.