Akàn mi wọnú yanrìn, kò jáde mọ́

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Akàn méjì ni mo ní, irú àwọn tó máa ń gbé ìkarahun rìn yẹn, inú àpótí gíláàsì ni mo ń sìn wọ́n sí. Èyí tó tóbi ti wọnú yanrìn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti kú, kí n hú u jáde kó tó máa rùn. Ṣé kí n hú u?

Ìdáhùn: Háà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hú nǹkan kan o! Ó ń bọ́ èèpo ara ẹ̀ ni. Èèpo yẹn le, kì í fẹ̀ sí i, torí náà tí akàn bá ń dàgbà dandan ni kó bọ́ ọ, ara ẹ̀ á wá rọ̀ bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, ìdí nìyẹn tó fi lọ sá pamọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ̀? Èyí tó bá tóbi lè lò tó oṣù méjì. Èmi náà ti ṣe wàdùwàdù rí, mo fi ṣíbí hú tèmi, kò lò ju ọjọ́ méjì lọ tó fi kú, ó ṣì ń dùn mí.

Tẹ́ ẹ bá wá rí ẹsẹ̀ àti ojú akàn lórí yanrìn lọ́jọ́ kan, ẹ má tíì sunkún, ẹ kọ́kọ́ gbé e wò, tó bá fúyẹ́ tínú ẹ̀ sì ṣófo, èèpo lásán ni, ẹ fi sílẹ̀ fún un, ó máa jẹ ẹ́ kára ẹ̀ lè tún le. Òkú akàn ní tiẹ̀ máa ń rùn bí ẹja tó ti bàjẹ́, ẹ ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Yanrìn yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Kó jìn tó ìlọ́po mẹ́ta gíga akàn tó tóbi jù, kó tutù débi pé tẹ́ ẹ bá bù ú fún á dì mọ́ra, àmọ́ kó má máa ro omi. Ẹ má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú àpótí gbẹ o, torí ohun tí wọ́n fi ń mí jọ ti ẹja. Kí ọ̀rinrin ẹ̀ wà ní nǹkan bíi 80 nínú 100, kí ooru wà láàárín 24 sí 29 Celsius, ẹ ra mítà tó ń wọn méjèèjì, ẹ má fojú díwọ̀n.

Omi oríṣi méjì ni wọ́n ń fẹ́, ọ̀kan lásán, ọ̀kan tí wọ́n po iyọ̀ òkun sí (kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o), kí kílórínì (oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ) má sì sí nínú ìkankan.

Èyí tó wà lókè yẹn, ẹ bọ́ ọ yó dáadáa, kẹ́ ẹ sì kó ìkarahun míì tí wọn ò kùn lọ́dà sítòsí ẹ̀, torí tébi bá ń pa á tàbí tí ìkarahun ò gbà á mọ́, ó lè lọ hú ẹnìkejì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó jí láàárọ̀.