Báwo ni mo ṣe lè mọ sìgá Cuba tí wọ́n fọwọ́ wé dáadáa?

Kó o tó ṣáná sí i, fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti orí dé ìdí. Ibi tó bá rọ̀ jù, ewé ò tó níbẹ̀. Ibi tó bá le bí igi, èéfín ò ní rọ́nà kọjá. Ewé ìta gbọ́dọ̀ jọ̀lọ̀, kó máa dán bí ẹni fòróró pa á.

Tó bá ń jó, wo eérú rẹ̀. Ewé gígùn ni wọ́n ń ká sínú ojúlówó, kì í ṣe èérún tábà, ìdí nìyẹn tí eérú rẹ̀ kì í fi í tètè já.

Ní ti adùn, ẹnu ni kó o fi tọ́ ọ wò, má fà á wọ ẹ̀dọ̀fóró (ìyẹn ò ní kó má lè fa jẹjẹrẹ ẹnu ṣá o). Fà á lẹ́ẹ̀kan ní bí ìṣẹ́jú kan. Tó o bá kánjú, á gbóná, á sì korò.